Àwọn ọmọ tó wà létí bèbè: ta ló ń dúró tì wọ́n ládùúgbò?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé nítorí àrùn Kòrónà mú Èkó àti Ògùn, ọ̀pọ̀ òru ni àwọn ará Agége, Ìfàkọ̀-Ìjàyè, Ọgbà, Ìyánà-Ìpájà títí dé Sángo-Ọ̀tà kò fi ojú kan oorun. Táyà ni wọ́n ń sun ní oríta. Bàbá àgbà mú àdá, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mú igi, ẹni tí kò rí nǹkan mú fọn fèrè. Ìròyìn tó ń lọ láti fóònù dé fóònù ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní One Million Boys àti Àwáwà ń bọ̀ wá kó oúnjẹ àti owó. Òótọ́ wà nínú ìròyìn náà, àhesọ pọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ba àwọn èèyàn kì í ṣe àhesọ rárá.

Ohun tí a kò sọ tó nígbà náà ni pé àwọn tí à ń ṣọ́ lóru yẹn kò ti ọ̀nà jíjìn wá. Ọmọ àdúgbò ni wọ́n. Ajégúnlẹ̀ ni orúkọ One Million Boys ti kọ́kọ́ gbòde, ní bí ọdún 2012, kó tó di orúkọ tí wọ́n ń fi dẹ́rù ba èèyàn kárí Èkó, tó sì dé Ìbàdàn. Àwáwà ní tirẹ̀, Agége àti agbègbè rẹ̀ ló ti gbilẹ̀. Ní bí ọdún 2017 sí 2018, àwọn ará ibẹ̀ ń pariwo pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 wà lára wọn. Ọmọ tí kò tíì pé 15 kò lè ti ìlú mìíràn wá jà wá lólè. Ẹnì kan ló bí i ní òpópónà kejì, ẹnì kan ló kọ́ ọ ní kíláàsì, ẹnì kan ló ń rí i lójoojúmọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wọ ẹgbẹ́ burúkú kò wọ̀ ọ́ nítorí pé ó fẹ́ràn ibi. Ó wọ̀ ọ́ nítorí pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó mọ orúkọ rẹ̀, tó ń bi í bóyá ó ti jẹun. Àdúgbò tó bá fẹ́ gba ọmọ náà padà gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún un, tí yóò sì pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ lọ. Ìyókù ọ̀rọ̀ yìí, àlàyé ìdí tí mo fi gbà bẹ́ẹ̀ ni.

Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n àdúgbò ń ṣe

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan dé JSS2, owó ìwé kò sí mọ́, ó bá jókòó sílé. Ìyá rẹ̀ ń ta ata, aago mẹ́rin ìdájí ló ń lọ gbé ọjà ní Mile 12, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó wọlé. Bàbá kò sí nílé, tàbí kó wà níbẹ̀ kí ó máà sọ̀rọ̀. Tó bá di ọ̀sán, ọmọ náà á jáde lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ Bàbá Ìjẹ̀bú, tàbí ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan tó fi bí ọdún mẹ́fà jù ú lọ á rán an ní sìgá, á ní kó mú ṣéńjì. Lọ́jọ́ kejì, á ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún un. Á sọ ọ́ lórúkọ kan, orúkọ tí orí ọmọ náà á wú sí, nítorí pé òun nìkan ló ń jẹ́ ẹ ní gbogbo òpópónà. Kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò kejì á lù ú, ẹ̀gbọ́n yìí ni yóò kó èèyàn sòdí lọ gbẹ̀san. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ti jẹ gbèsè. Nígbà tí wọ́n bá ní kó tẹ̀ lé àwọn jáde lóru, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò sọ pé rárá fún ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ìyà nìyẹn. Mélòó nínú wa ló lè sọ ọ́ nígbà tí a wà ní ọmọ ọdún 13?

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ohun kan nínú ohun tí ẹ̀gbọ́n àdúgbò yìí ṣe, àyàfi ti ìkẹyìn, tí alága ẹgbẹ́ onílé kò lè ṣe. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà ni. Mímọ orúkọ ọmọ ni. Dídá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fìyà jẹ ẹ́ ni.

Kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn nìkan ló mọ ọgbọ́n yìí. Àwọn ọmọ Yàhóò náà ní ilé ìkọ́ṣẹ́ tiwọn, tí ọ̀gá kan á kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sínú ilé kan, á bọ́ wọn, á ra kọ̀ǹpútà fún wọn, á máa kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe lu èèyàn ní jìbìtì, tí wọn yóò sì máa pín èrè. Léraléra ni àjọ EFCC ti ń wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn olóṣèlú náà mọ̀ ọ́n. Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò kí láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn á di ẹni tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé, wọ́n á ran ankara fún wọn, wọ́n á fún wọn ní owó ọtí. Ìdìbò 2027 ló kàn, gbogbo wa la sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lọ́jọ́ kejì ìdìbò: fóònù bàbá ìsàlẹ̀ kò ní wọlé mọ́, ṣùgbọ́n ìbọn tàbí àdá tí wọ́n kó fún wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ti oògùn olóró tún wà níbẹ̀. Ìwádìí àpapọ̀ tí UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, àti ìjọba Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2018 sọ pé mílíọ̀nù 14.3 èèyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Tí a bá kó gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀, ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, ìdá 22.4 ni, Èkó nìkan, ìdá 33. Igbó ló pọ̀ jù, tramadọ́ọ̀lù àti omi ikọ́ tó ní kodéìnì tẹ̀ lé e. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ kodéìnì àti kíkó o wọlé. Àwọn ọmọ sì kọjá sí ohun mìíràn: kólòósì, ice, àti àwọn àdàlù tí wọ́n ń pò nínú ike omi. Òfin dí ọ̀nà kan, ohun tó ń lé ọmọ náà kiri ṣì wà nídìí rẹ̀.

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná

Àwọn kan máa ń sọ ọ́ bíi pé ìran yìí nìkan ló bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láàárín ọdún 1930 sí 1950, ariwo àwọn ọmọ jàgùdà gba Èkó àti Ìbàdàn kan. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Boma Boys ń dúró ní etí òkun Èkó, wọ́n ń mú àwọn atukọ̀ òyìnbó lọ sí ilé ọtí àti ilé aṣẹ́wó, wọ́n sì ń jà wọ́n lólè nígbà mìíràn. Ìjọba amúnisìn yan òṣìṣẹ́ kan, Donald Faulkner, láti mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kò nílé. Òfin Àwọn Ọmọdé àti Ọ̀dọ́ jáde ní 1943, wọ́n sì dá ilé ibùgbé àwọn ọmọkùnrin sílẹ̀, àti ilé ẹjọ́ ọmọdé, àti ẹgbẹ́ eré ìdárayá fún àwọn ọmọ ìgboro. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni ohun tí a wá mọ̀ sí iléèwé ìtúnwàṣe ti jáde. Èkó ní ti àwọn ọmọkùnrin ní Ìṣẹrì, ó ní ti àwọn ọmọbìnrin ní Ìdí-Àràbà. Ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Borstal wà ní Àdìgbẹ́, Abẹ́òkúta, àwọn méjì yòókù sì wà ní Ìlọrin àti Kàdúná. Mẹ́ta péré fún gbogbo Nàìjíríà. Ọmọ tí wọ́n bá mú lọ síbẹ̀ kéré sí èyí tó wà ní ìgboro, kò sì sí iye ọgbà tí a lè kọ́ tí yóò gba gbogbo wọn.

Ìgbà kan wà tí ìjọba ṣe ohun tó kan gbogbo ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà: ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Iléèwé di ibi tí àgbàlagbà kan ti ń pe orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan láràárọ̀. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba àpapọ̀, dé ní 1986, tí ilé iṣẹ́ ń kógbá sílé, tí owó náírà wọmi, àwọn bàbá ń pàdánù iṣẹ́, ọmọ sì ń kúrò ní kíláàsì. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìta ti gba Ìsàlẹ̀ Èkó àti Muṣin.

Ìkọ́ṣẹ́ tí a fi sílẹ̀

A ní ètò kan tí ó ti wà tipẹ́, tó ń ṣe iṣẹ́ yìí láìsí ìwé àbá kankan. Nígbà tí mẹkáníìkì tàbí télọ̀ bá gba ọmọ, òbí á wá, onígbọ̀wọ́ á wá, wọ́n á kọ iye ọdún sínú ìwé àdéhùn, ọdún mẹ́ta, nígbà mìíràn márùn-ún, wọ́n á fi ohun mímu sílẹ̀, wọ́n á gbàdúrà. Láti ọjọ́ náà, ọ̀gá ní ẹnu láti bi ọmọ pé níbo ló sùn lánàá, ta ni ẹni tó wá pè é lọ́sàn-án, kí ló dé tí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ìyàwó ọ̀gá mọ ìyá rẹ̀. Ó ń jẹun níbẹ̀, ó ń jẹ ìyà níbẹ̀ pẹ̀lú, èmi kò ní purọ́ pé gbogbo ọ̀gá ló dára. Àwọn kan sọ ọmọ di ẹrú ilé, àwọn kan lu ọmọ kọjá ààlà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ frídọ̀mù. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, kánópì á wà níta, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ á wọ aṣọ kan náà, alága ẹgbẹ́ á jókòó ní iwájú. Ọmọ á kúnlẹ̀. Ọ̀gá á gbé ṣípánà tàbí sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, á sì súre fún un lójú gbogbo èèyàn, ìyá rẹ̀ á máa nu ojú nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n á ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sókè. Ọmọ tó wọ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n á dìde gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, gbogbo àdúgbò sì ti rí i. Ẹgbẹ́ òkùnkùn mọ agbára irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ètò ìgbàwọlé tiwọn.

Kí ló dé tí ìkọ́ṣẹ́ fi ń kú? Owó wà nínú rẹ̀. Òbí tí kò rí owó ìwé san kì í rí owó ìkọ́ṣẹ́ àti ti frídọ̀mù san, ọmọ tó bá sì ṣe tán kì í rí owó ra irinṣẹ́, nítorí náà á kàn padà sílé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lásán. Ọ̀kadà náà wà. Ọmọ tó ń gun ọ̀kadà ń rí owó lójoojúmọ́, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà á dúró ọdún mẹ́rin. Àìmọye ọmọ ló fi ọ̀gá sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Nígbà tí ìjọba Èkó wá fòfin de ọ̀kadà ní ọ̀pọ̀ ibi ní oṣù kejì ọdún 2020, tó sì lé wọn pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn ọmọ tó ti fi iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ kò ní ọ̀kadà, wọn kò sì ní ọ̀gá tí wọn yóò padà sọ́dọ̀ rẹ̀. N kò sọ pé òfin náà burú. Èèyàn ń kú lórí ọ̀kadà. Ohun tó dùn mí ni pé kò sí ẹni tó bi àwọn ọmọ náà níbo ni wọ́n ń lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó dúró

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àjọ kan wà tó ń jẹ́ Big Brothers Big Sisters, tó ń fi àgbàlagbà kan sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ kan, kí wọ́n máa rí ara wọn déédéé. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1995 tẹ̀ lé àwọn ọmọ ọdún 10 sí 16 fún oṣù 18. Àwọn tó ní àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò bẹ̀rẹ̀ oògùn olóró tó àwọn tí kò ní. Ìyàtọ̀ rẹ̀ tó ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n tún dín sísá kúrò níléèwé kù ní ìdá 52. Kì í ṣe owó ni wọ́n fún àwọn ọmọ náà. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń ṣeré, wọ́n ń sọ̀rọ̀.

Àbájáde kejì kò dùn létí bẹ́ẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ tó ń ya fọ́tò pẹ̀lú ọmọ ìta kà. Ní 2002, Jean Grossman àti Jean Rhodes padà sínú àkọsílẹ̀ náà láti wo bí àjọṣe kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó. Àwọn ọmọ tí àgbàlagbà wọn dúró tì fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jèrè jù. Àwọn tí tiwọn parí láàárín oṣù mẹ́ta, ara wọn kò yá sí i. Ojú tí wọ́n fi ń wo ara wọn tilẹ̀ burú sí i. Ọmọ tí wọ́n ti já kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún lọ já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìdí nìyí tí ètò ọlọ́jọ́ kan fi máa ń bí mi nínú. Ẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n á gbé bánà kọ́, wọ́n á pín àpò ìrẹsì tí wọ́n kọ orúkọ ọlọ́lá sí, olùbánisọ̀rọ̀ á sọ bí òun ṣe di èèyàn ńlá, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n àdúgbò ṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ìjẹ̀bú. Òun kò lọ síbì kankan.

Ẹni tí ọ̀pọ̀ mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí lóde òní ni Túndé Ọ̀nàkọ̀yà. Ìkòròdú ló gbé dàgbà, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló sì ti kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe ń ta ṣẹ́ẹ̀sì. Owó iléèwé kò sí, ìyá rẹ̀ ló lọ bá iléèwé kan sọ ọ́ pé òun yóò máa bá wọn tún ibẹ̀ ṣe kí ọmọ òun lè kàwé. Ní 2018, ó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀, Májídùn ní Ìkòròdú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n dé Mákòókó, wọ́n dé abẹ́ bíríìjì Òṣòdì. Ní Mákòókó ní 2021, ọmọkùnrin kan tí àìlera ọpọlọ kò jẹ́ kí ara rẹ̀ gbọ́ràn sí i lẹ́nu ló gba ipò kìíní. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Ọ̀nàkọ̀yà ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní Times Square, New York, láti kó owó jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Gbogbo ayé gbọ́ nípa wákàtí 60 náà. Èmi, abẹ́ bíríìjì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ronú sí i: ariwo dánfó, èéfín, àwọn agbèrò tó ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀, ọmọ méjì sì jókòó sí ìdí pátákó kan, ẹnu wọn pa mọ́, wọ́n ń ronú ohun tí ẹnì kejì yóò ṣe ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí i. Ọmọ tí kò tíì sí ẹni tó sọ fún un rí pé ó ní ọpọlọ. Wọn kò sì fi wọ́n síbẹ̀ lọ. Wọ́n wá ibùgbé àti iléèwé fún díẹ̀ nínú wọn. Ẹlòmíràn lè lo bọ́ọ̀lù, tàbí ìlù, tàbí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ohunkóhun tó bá lè mú kí ọmọ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ó sì bá ọ níbẹ̀, ó tó.

Ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Boston àti bàbá kan ní Peckham mọ̀

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1992, wọ́n ń ṣe ìsìnkú ọ̀dọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì Morning Star Baptist ní Boston nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ya wọlé, tí wọ́n sì gún ọ̀dọ́ mìíràn lọ́bẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn pásítọ̀ dúdú ìlú náà, Eugene Rivers wà lára wọn, gbà pé bí ìjà bá ti lè wọ inú ilé Ọlọ́run, àwọn náà gbọ́dọ̀ jáde lọ bá a ní ìgboro. Wọ́n dá TenPoint Coalition sílẹ̀, wọ́n ń rìn kiri òpópónà lóru, wọ́n ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ní ojúkojú, wọ́n ń lọ sílé wọn. Àwọn ọlọ́pàá náà yí ọwọ́ padà. Nígbà tí ètò Ceasefire bẹ̀rẹ̀ ní 1996, wọ́n ń pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jókòó, wọ́n ń sọ fún wọn ní kedere pé ẹni tó bá tún yìnbọn yóò rí ìjà òfin, ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ yóò rí ìrànlọ́wọ́, àwọn pásítọ̀ sì jókòó níbẹ̀ bí ẹlẹ́rìí. Èèyàn 152 ni wọ́n pa ní Boston ní 1990. Ní 1999, 31 ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ohun tó ṣe é gan-an, nítorí ìpànìyàn dínkù ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà nígbà náà. Síbẹ̀, ohun kan wà níbẹ̀ tí a kò ní tó: àgbàlagbà tí ọmọ ìta gbà gbọ́ àti ọlọ́pàá tó gbà láti fetí sí àgbàlagbà náà.

Ọ̀rọ̀ Peckham, àdúgbò kan ní London, kàn wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dámilọ́lá Taylor ti Èkó dé London ní oṣù kẹjọ ọdún 2000. Ọmọ ọdún 10 ni. Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún náà, ó ń ti ilé ìkàwé bọ̀, wọ́n gún un, ó sì kú sí ibi àtẹ̀gùn ilé kan. Àwọn méjì tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ní 2006, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, ọmọ ọdún 12 àti 13 ni wọ́n nígbà tó ṣẹlẹ̀. Bàbá rẹ̀, Richard Taylor, lo ìyókù ayé rẹ̀ lórí àwọn ọmọ tó jọ àwọn tó pa ọmọ rẹ̀, nípasẹ̀ àjọ tí wọ́n fi orúkọ Dámilọ́lá dá sílẹ̀, títí ó fi kú ní oṣù kẹta ọdún 2024. N kò mọ bí èèyàn ṣe ń ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni, pé ó ṣe é, àti pé kò yẹ kí a máa dúró de irú òfò bẹ́ẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí aláṣẹ àdúgbò ti wúlò

Baálẹ̀, mọ́gàjí, alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ìyálọ́jà, ìmáàmù, pásítọ̀: àwọn wọ̀nyí ló ní ohun tí gómìnà kò ní. Wọ́n mọ ilé tí ọmọ ti wá. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n lè ṣe wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ọmọdé ni, pé wọn kò gbọ́dọ̀ dá ẹ̀wọ̀n fún un, pé ilé ẹjọ́ ẹbí ló ni ẹjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọlọ́pàá bá kó àwọn ọmọ lójú pópó nítorí irun orí wọn, ta ló máa ń lọ síbẹ̀ lọ sọ òfin yìí? Ìyá aláta kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù ọlọ́pàá sì ń bà á. Ọmọ tó sùn sí àtìmọ́lé láàárín àwọn ọ̀daràn àgbà fún ọ̀sẹ̀ méjì á jáde pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tuntun. Tí alága àdúgbò bá tètè dé, tó sọ pé "mo mọ ọmọ yìí, mo mọ ilé wọn, èmi ni n ó máa mú un wá," ó lè jẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀nà ọmọ náà yóò yà.

Ibi kan wà tí òfin fúnra rẹ̀ ti mú ọ̀rọ̀ le. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, Gómìnà Sanwó-Olú bu ọwọ́ lu òfin tó de ẹgbẹ́ òkùnkùn ní Èkó: ẹ̀wọ̀n ọdún 21 fún ọmọ ẹgbẹ́, 15 fún ẹni tó bá ràn wọ́n lọ́wọ́ tàbí tó gbà wọ́n sílé. Mo mọ ìdí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ púpọ̀. Àmọ́ ẹ fi ara yín sí ipò ìyá tó rí fìlà bẹ́rẹ̀ẹ̀ tí kò dá mọ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ń dé, nínú àpò ọmọ rẹ̀. Tó bá ké jáde, ó lè pàdánù ọmọ fún ọdún 21. Tó bá dákẹ́, ó lè sin ín. Ìyá yìí nílò ẹnì kan tí kì í ṣe ọlọ́pàá tó lè bá sọ ọ́ lálẹ́, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì ní di ti gbogbo ilé. Ní àwọn àdúgbò kan, aya pásítọ̀ tàbí ìyálọ́jà ló ń ṣe é, láìní oyè kankan fún un.

Ti àwọn ọmọbìnrin, a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó nítorí pé wọn kì í jó táyà. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó sá kúrò nílé ọ̀gá rẹ̀, ọmọ ọdún 15 tí ọkùnrin kan ń san owó yàrá fún, ọmọ tó lóyún tí wọ́n lé kúrò ní kíláàsì: inú ewu kan náà ni wọ́n wà, ewu tiwọn ni kò pariwo.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ gbọ́. Kì í ṣe gbogbo àgbàlagbà tó sún mọ́ ọmọ aláìní ló ní ọkàn rere. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gba olùtọ́sọ́nà gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ ibi tó ti wá, kí ó ní onígbọ̀wọ́ bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ṣe ń ní, kí ìpàdé máa wáyé ní gbangba níbi tí ẹlòmíràn ti lè rí wọn, kí ọmọ mọ ẹni kejì tó lè fẹjọ́ sùn. Ẹni tó bá bínú sí èyí, kó máa lọ.

Owó ńkọ́? Iṣẹ́ yìí kò gba owó rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ó gba owó tí kò ń dá dúró. Ọ̀gá wẹ́dà tó gba ọmọ méjì tí òbí wọn kò lè sanwó yẹ kó rí nǹkan gbà lóṣooṣù. Ọmọ tó bá gba frídọ̀mù yẹ kó rí irinṣẹ́ gbà lọ́jọ́ náà gan-an. Ìjọba ìbílẹ̀ ló sún mọ́ wọn jù. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kí gómìnà má ṣe dá a dúró mọ́. Èkó dìbò yan àwọn alága káńsù rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2025, 57 ni wọ́n. Ẹni tó bá lọ sí ìpàdé àdúgbò lóṣù yìí lè bi tirẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta lójú gbogbo èèyàn: ọmọ mélòó ni káńsù ń san owó ìkọ́ṣẹ́ fún, ọ̀dọ̀ ọ̀gá wo ni wọ́n wà, ta sì ni ẹni tó ń lọ bẹ̀ wọ́n wò lóṣooṣù. Kó kọ ìdáhùn sílẹ̀, kó sì tún bi í ní oṣù mẹ́ta sí i.